Bí a ṣe ń yan wáìnì tó bá oúnjẹ ọdún mu

Tábìlì ọdún kì í gbé oúnjẹ ẹyọ kan. Ẹran yíyan á wà níbẹ̀, ọbẹ̀ rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi, ẹja tí a fi ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun, èso tí a fi ṣúgà sè, kéèkì ìparí. Gbogbo wọn ló máa gba ẹnu kan náà kọjá láàárín wákàtí mélòó kan. Ìdí nìyí tí òfin àtijọ́ tó ní wáìnì pupa ló ni ẹran pupa, tí funfun ló ni ẹja àti adìyẹ, kì í fi í tó lọ́jọ́ ọdún. Òfin náà kò burú, àmọ́ ẹran nìkan ló ń wò, bẹ́ẹ̀ ẹran kọ́ ló sábà máa ń lágbára jù lẹ́nu. Ọbẹ̀ tí a dà lé e lórí, ohun dídùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ata tí a fi pa á lára: àwọn yẹn ni wáìnì máa ń bá rẹ́ tàbí bá jà.

Nítorí náà, ohun kan ni mo máa tẹnu mọ́ jálẹ̀: ẹ wá ohun tí adùn rẹ̀ lágbára jù nínú àwo, òun ni kí ẹ yan wáìnì fún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbogbo oúnjẹ tó máa wà lórí tábìlì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ lé ara wọn. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tó hàn jù nínú rẹ̀: iyọ̀, ọ̀rá, kíkan, dídùn, ata tàbí èéfín. Ẹ má kàn kọ "tòlótòló" kí ẹ dúró síbẹ̀. Tòlótòló tí a fi bọ́tà àti ewé olóòórùn yan kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí a fi oyin àti ata kùn lára. Ẹja tí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí yàtọ̀ pátápátá sí ẹja tí a fi kíríìmù sè, kódà kó jẹ́ pé inú omi kan náà ni wọ́n ti kó àwọn méjèèjì.

Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ló ń jáde léraléra. Tábìlì ẹlòmíràn kún fún ọ̀rá àti iyọ̀, ti ẹlòmíràn kún fún ohun dídùn àti ata. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde léraléra yẹn ni kí ẹ mú dání lọ sí ibi tí ẹ ti fẹ́ ra wáìnì. Ẹni tó ń tà á máa ràn yín lọ́wọ́ dáadáa tí ẹ bá sọ fún un pé "ẹran mi lọ́ràá, ọbẹ̀ rẹ̀ sì dùn díẹ̀" ju kí ẹ ní "mo fẹ́ wáìnì tó dáa" lọ.

Ohun tó wà nínú wáìnì tó ń pàdé oúnjẹ

Orúkọ èso àjàrà pọ̀ lọ súà, kò sì pọn dandan kí ẹ mọ gbogbo wọn. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ fojú sí: bí wáìnì ṣe kan tó, bó ṣe dùn tó, bí tánìnì rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti bí ọtí inú rẹ̀ ṣe le tó.

Kíkan ló wúlò jù lórí tábìlì ọdún. Wáìnì tó bá kan dáadáa máa ń mú kí itọ́ sun, á ṣan ọ̀rá kúrò lórí ahọ́n, òkèlè tó kàn á sì tún dùn lẹ́nu bíi ti àkọ́kọ́. Tí fínígà tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ bá wà nínú oúnjẹ, wáìnì náà gbọ́dọ̀ kan tó o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á kàn tẹ́ lẹ́nu ni.

Ní ti dídùn, òfin kan wà tí n kì í gbà kí ẹnikẹ́ni rú: wáìnì tí a máa fi ti ohun dídùn lẹ́yìn gbọ́dọ̀ dùn ju ohun náà lọ. Tí kéèkì bá dùn ju wáìnì, wáìnì á di kíkan lójijì, kò ní lára mọ́, bó ti wù kó jẹ́ ojúlówó tó.

Tánìnì ni ohun tó ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbẹ kó sì fún pọ̀, bí ìgbà téèyàn mu tíì tí ewé rẹ̀ ti pẹ́ jù nínú omi gbígbóná. Ara èèpo àti kóró èso àjàrà ló ti ń wá, àgbá igi tí wọ́n fi ń tọ́jú wáìnì náà sì lè fi díẹ̀ kún un. Ó pọ̀ nínú wáìnì pupa nítorí pé pẹ̀lú èèpo ni omi àjàrà rẹ̀ ṣe ń di ọtí. Ní ti funfun, wọ́n sábà máa ń ya omi náà kúrò lára èèpo kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Tánìnì máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì inú itọ́, òun ló fi ń gbẹ ẹnu. Tí ẹran tó lọ́ràá tó sì níyọ̀ bá wà lẹ́nu, agbára rẹ̀ á rọ̀. Ẹran tó gbẹ kò lè rọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹja ló wá burú jù pẹ̀lú rẹ̀: irin díẹ̀ tó máa ń wà nínú àwọn wáìnì pupa kan ń gbé òórùn ẹja jáde, tánìnì á sì fi kíkorò kún un.

Ọtí ni ìkẹrin. Ọ̀pọ̀ wáìnì tí a fi ń jẹun wà láàárín ìdá 11 sí 15 nínú 100. Níbi tí ata bá wà, ọtí tó le máa ń mú kí ata jó ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wá èyí tí kò kọjá 12, tó sì dùn díẹ̀, ẹ máa rí bí ẹnu ṣe máa tutù.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ẹnu ara yín mọ gbogbo èyí ṣáájú ọjọ́ ọdún, ẹ bu wáìnì pupa tó le sínú ife díẹ̀. Ẹ mu ún lásán, kí ẹ kíyè sí bí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe gbẹ. Ẹ jẹ ègé ẹran tó lọ́ràá tí ẹ wọ́n iyọ̀ sí, kí ẹ tún mu ún: á ti rọ̀, adùn èso rẹ̀ á yọ síta. Ẹ wá jẹ ìdá kékeré lára ohun dídùn kan, kí ẹ mu ún lẹ́ẹ̀kẹta. Wáìnì kan náà yẹn á di kíkan, á korò. Ìgò kò yí padà, ohun tó wà lẹ́nu ló yí padà. Ẹni tó bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tún ní nílò pé kí ẹnikẹ́ni máa há òfin sí i létí.

Bí a ṣe ń ka ara ìgò

Ìgò láti Yúróòpù sábà máa ń kọ orúkọ ibi tí àjàrà ti hù, kì í kọ orúkọ àjàrà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ wà lórí yín. Bourgogne pupa jẹ́ Pinot Noir, Bourgogne funfun sì jẹ́ Chardonnay, Chablis náà wà lára rẹ̀. Beaujolais pupa jẹ́ Gamay. Sancerre funfun jẹ́ Sauvignon Blanc. Nínú Chianti, Sangiovese ló pọ̀ jù. Nínú Rioja pupa, Tempranillo ló sábà máa ń pọ̀ jù. Barolo jẹ́ Nebbiolo pátápátá. Àwọn ìgò tó ń wá láti Amẹ́ríkà, Ọsirélíà, Gúúsù Áfríkà, Chile àti Ajẹntínà rọrùn jù, torí wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ àjàrà gàdàgbà síwájú.

Nọ́ńbà kékeré tó ń sọ bí ọtí ṣe le tó wúlò ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ, pàápàá lára Riesling, wáìnì funfun láti Jámánì. Ṣúgà inú àjàrà ló ń di ọtí. Tí ẹ bá rí 8 tàbí 9 lára ìgò náà, a jẹ́ pé ṣúgà ṣì ṣẹ́kù nínú rẹ̀, wáìnì náà máa dùn. Tó bá ti tó 12 sókè, tàbí tí wọ́n kọ "trocken" sí i, kò dùn nìyẹn.

Lára wáìnì tó ń hó, "Brut" túmọ̀ sí pé ṣúgà inú rẹ̀ kò tó gíráàmù 12 nínú lítà kan. "Extra Dry" wà láàárín 12 sí 17, ó dùn ju Brut lọ díẹ̀. "Demi-Sec" wà láàárín 32 sí 50, ọ̀dọ̀ kéèkì ni ibùjókòó tirẹ̀ wà.

Ìbẹ̀rẹ̀: wáìnì tó ń hó

Kò sí ohun tó dára tó o láti fi gba àlejò. Kíkan rẹ̀ àti híhó rẹ̀ ń ṣan iyọ̀ àti òróró kúrò lẹ́nu, ìpápánu tí a dín, ẹja tí a fi èéfín gbẹ, edé àti wàràkàṣì rírọ̀ sì ń bá a lọ dáadáa. Champagne wá láti agbègbè tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìlà-oòrùn àríwá Faransé. Chardonnay, Pinot Noir àti Meunier ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, inú ìgò gan-an ló sì ti ń rí híhó rẹ̀. Cava ti Sípéènì, Crémant láti àwọn agbègbè mìíràn ní Faransé àti Cap Classique ti Gúúsù Áfríkà gba ọ̀nà kan náà. Prosecco ti Ítálì, àjàrà Glera ni wọ́n fi ń ṣe é, inú táǹkì ńlá ló sì sábà ti ń hó, ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́, tí òórùn èso rẹ̀ sì hàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ Champagne kò pàdánù nǹkan kan nídìí Cava tàbí Crémant tó dáa. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yẹra fún: ẹ má tọ́jú Brut de ìgbà tí kéèkì bá jáde.

Oúnjẹ gan-an

Tòlótòló ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀. Àyà rẹ̀ kò lọ́ràá, adùn rẹ̀ kò sì ga. Itan rẹ̀ dúdú, ó lọ́ràá díẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó yí i ká: ọbẹ̀ ẹran, àlùbọ́sà àti ewé olóòórùn tí a kì sínú rẹ̀, àti ọbẹ̀ èso pupa bíi cranberry, tó kan tó tún dùn. Ẹ gbé Cabernet Sauvignon tí kò tíì pẹ́ nínú ìgò síbẹ̀, tánìnì rẹ̀ kò ní rí ọ̀rá tó máa rọ̀ ọ́, ọbẹ̀ dídùn yẹn á sì sọ ọ́ di kíkorò. Wáìnì ńlá ni lóòótọ́, kì í kàn ṣe ti àwo yìí.

Pinot Noir ni kí ẹ mú. Tánìnì rẹ̀ kéré, ó kan, òórùn èso pupa inú rẹ̀ sì ń bá ọbẹ̀ èso yẹn sọ̀rọ̀. Beaujolais tó ní orúkọ abúlé lára, bíi Fleurie tàbí Morgon, tún dára bákan náà, òun gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ má fi Beaujolais Nouveau rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn ni wáìnì tuntun tó ń jáde ní Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù kọkànlá lọ́dọọdún, inú èèyàn lè dùn sí i ṣáájú oúnjẹ, àmọ́ kò lágbára tó tábìlì tó kún. Tó bá jẹ́ funfun lẹ fẹ́, Riesling tó dùn díẹ̀ tàbí Chenin Blanc láti Vouvray máa gba ọbẹ̀ èso náà mọ́ra láìbá a jà. Tí bọ́tà àti kíríìmù bá pọ̀ nínú ọbẹ̀ ẹran, Chardonnay ló kàn.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi iyọ̀ tọ́jú, tí a wá fi oyin kùn, ní iyọ̀ àti adùn pa pọ̀. Riesling Jámánì tí wọ́n kọ "Kabinett" sí lára, tó fúyẹ́ tó sì sábà máa ń dùn díẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun ni wọ́n ṣe fún. Rosé, ìyẹn wáìnì tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín pupa àti funfun, tó ní ara díẹ̀ náà dára níbẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ lọ́ràá gan-an, ó ń fẹ́ ohun tó kan: Pinot Noir, tàbí Riesling tí kò dùn. Tó bá jẹ́ ẹran màlúù tàbí ti àgùntàn yíyan lẹ ní, ìgbà yìí ni kí ẹ wá kó àwọn wáìnì tánìnì jáde: Bordeaux, Cabernet Sauvignon, Syrah, Malbec ti Ajẹntínà. Rioja tó ti pẹ́ díẹ̀ nínú àgbá ni n ó gbé síwájú ẹran àgùntàn. Ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ díẹ̀ ń rọ tánìnì ju èyí tó jinná gbẹ lọ.

Ẹja funfun àti àwọn ẹran omi oníkarahun ń fẹ́ Chablis, Sauvignon Blanc tàbí Albariño. Ẹja sàmọ́ǹ lọ́ràá, ó lè gba Chardonnay, rosé, kódà Pinot Noir tó fúyẹ́. Níbi tí ata bá ti jọba, ẹ padà sọ́dọ̀ Riesling tó dùn díẹ̀.

Ẹ má gbàgbé àwọn tí kì í jẹ ẹran. Olú yíyan àti Pinot Noir tàbí Nebbiolo jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìpàdé tó dùn jù tí mo mọ̀. Àmọ́ tí àlejò yín kò bá fẹnu kan ohunkóhun tó wá lára ẹranko, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ "vegan" sára ìgò, torí àwọn kan ń lo funfun ẹyin, èròjà inú wàrà tàbí èyí tó wá lára ẹja láti fi mú kí wáìnì mọ́ gaara.

Tó bá jẹ́ pé irú wáìnì méjì péré lágbára yín ká fún gbogbo tábìlì, ẹ ra Riesling tó dùn díẹ̀ àti Pinot Noir tàbí Beaujolais tó ní orúkọ abúlé lára. Ẹ gbé méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí olúkúlùkù bu èyí tó bá àwo rẹ̀ mu. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé tábìlì tí irú méjì yìí kò ní lè sìn kò pọ̀.

Ohun dídùn àti wàràkàṣì

Kéèkì dúdú tí èso gbígbẹ kún inú rẹ̀ ń fẹ́ Pedro Ximénez, wáìnì dídùn láti Sípéènì, tàbí Port aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tawny, láti àfonífojì Douro ní Pọ́túgà. Èso àti kéèkì tó fúyẹ́ ń fẹ́ Moscato d'Asti, tí ọtí inú rẹ̀ kò ju ìdá 5 nínú 100 àti díẹ̀ lọ. Ó máa ń wọ ara lẹ́yìn oúnjẹ tó wúwo. Ṣokoléètì dúdú ń fẹ́ Ruby Port tàbí Banyuls, wáìnì dídùn láti Faransé.

Wàràkàṣì tó ní ìlà búlúù ń fẹ́ adùn tó máa bá iyọ̀ rẹ̀ dọ́gba. Stilton pẹ̀lú Port, Roquefort pẹ̀lú Sauternes, wáìnì funfun dídùn ti Faransé: ẹ fi wọ́n pa pọ̀ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó mọ ìdí tí wọn kò fi yí i padà láti ọjọ́ pípẹ́. Ife kékeré, bíi mìlílítà 60 sí 75, tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ìgò mélòó?

Ìgò tó wọ́pọ̀ gba mìlílítà 750. Ife márùn-ún tó jẹ́ 150 ló máa jáde nínú rẹ̀. Ti èyí tó ń hó lè di mẹ́fà torí ife rẹ̀ kéré. Ààbọ̀ ìgò fún ẹni tó ń mu, fún oúnjẹ tó gùn, jẹ́ ìṣirò tó tọ́. Èèyàn mẹ́jọ á gba ìgò mẹ́rin: ọ̀kan tó ń hó, funfun kan, pupa méjì. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́ sẹ́yìn, torí ìgò kan lè bàjẹ́. Wáìnì tí kọ́ọ̀kì ti bà jẹ́ máa ń rùn bíi páálí tó tutù, adùn èso rẹ̀ á sì ti sá lọ. Kò ní pa èèyàn lára, àmọ́ ẹ má gbé e fún àlejò.

Ẹni tó máa wakọ̀, aboyún, ọmọdé àti ẹni tí kì í mutí, ẹ wá ohun gidi fún wọn. Wáìnì tó ń hó tí wọ́n ti yọ ọtí inú rẹ̀ kúrò sábà máa ń dára ju pupa tí wọ́n yọ tirẹ̀ lọ. Omi àjàrà tí a fi omi tó ń hó là, tí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí, kan tó láti bá oúnjẹ rìn. Inú ife kan náà pẹ̀lú ti àwọn yòókù ni kí ẹ bù ú sí.

Títutù àti ṣíṣí

Èyí tó ń hó, ẹ mu ún ní dígírì Celsius 6 sí 8. Funfun ní 8 sí 12. Pupa tó fúyẹ́ ní 12 sí 14. Pupa tó le ní 16 sí 18. Yàrá tí èèyàn kún, tí ààrò ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbóná ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, ẹ gbé pupa náà sínú fíríìjì fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ẹ tó gbé e jáde. Pupa tó gbóná jù, ọtí rẹ̀ nìkan lèèyàn máa ń gbọ́.

Tí àkókò bá ti lọ, ẹ kó omi dídì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ da omi tútù lé e, kí ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ìgò á tutù láàárín ìṣẹ́jú 20 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi dídì nìkan kì í yá tó bẹ́ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ló máa wà láàárín rẹ̀ àti ìgò.

Ìgò tó ń hó ń fẹ́ ìfarabalẹ̀, torí afẹ́fẹ́ inú Champagne lè lágbára tó ìlọ́po mẹ́fà ti ìta. Ẹ yọ bébà dídán, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí kọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀, kí ẹ tó tú wáyà náà. Ìyípo mẹ́fà ló sábà máa ń gbà. Láti ìgbà yẹn, ẹ má gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ dẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrò lọ́dọ̀ èèyàn, ẹ di kọ́ọ̀kì mú ṣinṣin, kí ẹ sì máa yí ìgò láti ìdí. Ẹ ó gbọ́ bí kọ́ọ̀kì ṣe ń ti ọwọ́ yín. Ẹ dá a dúró díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa mí jáde pẹ̀lú ìró kékeré. Tí ẹ bá jẹ́ kó dún gbàmù, wáìnì á dànù, híhó rẹ̀ á bá a lọ.

Èyí tó bá ṣẹ́kù

Ẹ dé e padà kíákíá, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì, àti pupa àti funfun. Wọ́n á wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Èyí tó ń hó ń fẹ́ ìdérí tirẹ̀ tó ń há ọrùn ìgò. Ṣíbí tí àwọn kan ń fi sí i lọ́rùn kò ṣe nǹkan kan fún un, ọjọ́ kan sí mẹ́ta náà ló ní. Tawny Port á lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìyí padà. Tí tòlótòló bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ ní tútù pẹ̀lú búrẹ́dì, ẹ mú Beaujolais yẹn jáde láti inú fíríìjì, kí ẹ sì mu ún bẹ́ẹ̀ ní tútù.